Níbo ni ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra máa ń wà kí kíráísìsì tó dé?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, láti ọwọ́ ìyá kan ní Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (SS), èyí tí ìrora rẹ̀ tó ń dé lójijì ń jẹ́ kíráísìsì:

"Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 9, SS ni. Nígbà tí kíráísìsì mú un kẹ́yìn, dókítà ṣàlàyé fún mi pé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ló yọ ohun kan síta tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi rí ọ̀nà kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ yìí ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Níbo ni ohun náà wà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Kí ló gbé e jáde? Bí ara ọmọ bá wá yá, ibo ló ń gbà lọ? Ṣé oògùn wà tó lè ní kó jókòó síbi tó wà?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló máa ń béèrè ibi tí purotéènì ń gbé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń há sórí.

Nígbà tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù, ohun náà, purotéènì kan tó ń jẹ́ P-selectin, ti wà lára rẹ̀. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà, nínú àwọn àpò kéékèèké, ó ń dúró de àṣẹ. Kò gba àpò wọ̀nyẹn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ṣí sójú ẹ̀jẹ̀. Bí àṣẹ bá sì dáwọ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì á tún fà á wọlé. Gbogbo wa la ní in, AA ni o, AS ni o. Ohun tó yàtọ̀ lára ọmọ yín ni bí àṣẹ náà ṣe ń jáde lemọ́lemọ́, àti irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a pàdé bó bá ti yọ síta.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀, láti èyí tó tóbi jù lẹ́bàá ọkàn títí dé èyí tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ló ní ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó tẹ́ ẹ nínú, orí rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gbà. Ní 1964, Ewald Weibel, ọmọ Switzerland, àti George Palade, tí wọ́n bí ní Romania, fi máíkíróskóòpù alágbára wo àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n sì rí àwọn àpò gbọọrọ gbọọrọ nínú wọn. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, èyí tó gùn jù nínú àwọn àpò náà kò ju nǹkan bí 5 lọ níbẹ̀. Wọn kò mọ iṣẹ́ tí àpò náà ń ṣe. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ fínnífínní, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ títí dòní: àpò Weibel-Palade.

Ní 1982 ni wọ́n tó mọ̀ pé von Willebrand factor, purotéènì kan tó wà lára àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nígbà ọgbẹ́, ló kún inú àpò náà. Nígbà tó di 1989, wọ́n bá èyí tí dókítà yín ń sọ níbẹ̀ pẹ̀lú: P-selectin. Ikọ̀ onímọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà, Rodger McEver ní apá kan, Bruce àti Barbara Furie ní apá kejì, ti rí i lára plétílẹ́ẹ̀tì, àwọn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì, ní nǹkan bí ọdún 5 ṣáájú. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé ara iṣan pẹ̀lú ń kó o pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe jókòó hàn yín, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Awọ kan ló bo àpò Weibel-Palade, irú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. P-selectin gún awọ yìí já sí òdìkejì. Orí rẹ̀ gígùn, apá tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, wà nínú àpò. Ìrù rẹ̀ kúkúrú wà níta àpò, nínú omi sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí àpò bá sún dé abẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, awọ méjèèjì á fẹnu kora, wọ́n á di ọ̀kan, ojú kan á sì ṣí síhà ẹ̀jẹ̀. Von Willebrand factor tó ká jọ sínú àpò á tú jáde, á nà gbọọrọ gbọọrọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. P-selectin kì í bá a tú dànù, nítorí pé ó ti gún awọ mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ tó kọjú sí inú àpò tẹ́lẹ̀ ló wá kọjú sí ẹ̀jẹ̀ báyìí. Sẹ́ẹ̀lì kò tún un ṣe, kò sì fi ohunkóhun kún un. Ibi tó wà nìkan ló yí padà, ìyẹn sì ti tó láti sọ ara iṣan tó ń yọ̀ di èyí tó ń lẹ̀.

Ìrù kúkúrú yẹn kò ju ẹ̀yọ amino acid (èròjà tí wọ́n fi ń to purotéènì) 35 lọ, síbẹ̀ òun ni sẹ́ẹ̀lì ń kà bí àdírẹ́sì. Àwọn onímọ̀ ti gé e kúrò wò. P-selectin tí kò nírù kì í mọ ọ̀nà àpò mọ́. Ojú sẹ́ẹ̀lì ló ń lọ tààrà, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìrù yìí kan náà ló ń mú un wọ àpò, òun náà ló tún ń mú un padà wọlé bó bá ti jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn mọ̀ pé ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági kì í kó gbogbo ọjà rẹ̀ síta. Bí ènìyàn bá ka aṣọ tó fi kọ́ sí iwájú ìsọ̀, kò tíì mọ iye tó ní. Bí ọ̀rọ̀ purotéènì alẹ̀mọ́ ṣe rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa. Ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í wúlò púpọ̀ láti béèrè bóyá ara ẹnì kan ní P-selectin. Ó ní in. Mélòó ló wà lóde ní wákàtí yìí? Ìyẹn ló ń pinnu bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ṣàn.

Ó kù ẹni tó ń pàṣẹ. Ohun tó ń ṣí àpò Weibel-Palade ní kíákíá ni kálísíọ́mù tó lọ sókè lójijì nínú sẹ́ẹ̀lì. Ohun púpọ̀ ló lè fa ìyẹn. Hísítámíìnì wà lára wọn, èyí tí ara ń tú jáde nígbà tí kòkòrò bá ta wá. Thrombin náà wà níbẹ̀, tó máa ń yọ bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ dì. Nínú ilé ìwádìí, bí wọ́n bá mú sẹ́ẹ̀lì láti inú iṣan ìwọ́ ọmọ tuntun, tí wọ́n da hísítámíìnì sí i, kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, P-selectin ti kún ojú rẹ̀.

Lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ohun mìíràn tún wà tó ń pa àṣẹ yìí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó péye máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS sábà máa ń wà láàárín 10 sí 20 ọjọ́. Púpọ̀ nínú wọn sì ń bẹ́ láàárín iṣan, hìmóglóbìn inú wọn á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Inú hìmóglóbìn náà ni híìmù ti ń jáde, èyí tó di irin mú. Ní 2014, John Belcher, Gregory Vercellotti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Minnesota fi hàn pé híìmù tó tú síta yìí máa ń kan ilẹ̀kùn kan lára sẹ́ẹ̀lì iṣan, TLR4 lorúkọ ilẹ̀kùn náà, lẹ́yìn ìyẹn ni àpò Weibel-Palade á ṣí. Nígbà tí wọ́n fún eku tó ní irú àrùn yìí ní híìmù, ẹ̀jẹ̀ dá dúró nínú àwọn iṣan rẹ̀ kéékèèké. Nígbà tí wọ́n fi àǹtíbọ́dì dí P-selectin, ìdádúró náà dínkù.

Ẹ wá wò ó bí ibà tàbí àkóràn ṣe ń le fún ọmọ SS, tàbí bí omi bá gbẹ lára rẹ̀. Ohunkóhun tó bá mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa púpọ̀ sí i tẹ̀ dòjé kí ó sì bẹ́, ó ń da híìmù sí ojú iṣan. Àpò tó ti kún tẹ́lẹ̀, tó sì wà lẹ́bàá awọ, kò nílò ju ìyẹn lọ. Ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, kí ìrora bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kó sọ́wọ́ P-selectin. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú eré, P-selectin á dì í mú, á jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn tó wà níwájú á tún dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lára iṣan, eré rẹ̀ á máa rọlẹ̀. Bó ṣe ń yí ló ń gbọ́ ìròyìn láti ara iṣan pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbí. Òun náà á wá ṣí àpò tirẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò yẹn ni Mac-1, purotéènì alẹ̀mọ́ tó lágbára ju P-selectin lọ, tó ti wà nípamọ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ti jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ Mac-1 á kún ojú rẹ̀, àwọn tó ká gúlútú á nà dúró, sẹ́ẹ̀lì funfun á sì dúró gbagidi.

Ní 2002, Paul Frenette àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní New York wo èyí nínú iṣan eku tó wà láàyè. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti tẹ̀ dòjé ń lọ lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì funfun tó ti dúró lẹ́bàá iṣan, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ sí, títí ọ̀nà fi dí. Àwọn eku tí wọn kò bí P-selectin àti E-selectin, alẹ̀mọ́ mìíràn lójú iṣan, mọ́ kò ní ìdílọ́nà yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí tẹ́lẹ̀ rí, ìrísí dòjé yẹn nìkan ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ohun gbogbo fáwọn òbí, bí ẹni pé sẹ́ẹ̀lì kàn há ni. Robert Hebbel ti fi hàn láti 1980 pé bí sẹ́ẹ̀lì pupa aláìsàn kan bá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan tó, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ṣe máa ń le tó.

Ẹ béèrè ibi tó ń gbà lọ. Apá yìí ni èmi fẹ́ràn jù.

Lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ clathrin. Ó máa ń kó ara rẹ̀ jọ bí àwọ̀n sí abẹ́ awọ, awọ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jìn sínú, á di kòtò, ẹnu kòtò á pa dé, á sì já bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí àpò róbótó. Bí ẹ bá pín mílímítà sí ọ̀nà 10,000, àpò kan kò ju nǹkan bí 1 lọ nínú rẹ̀. Ìrù P-selectin ló ń fà á lọ sínú kòtò wọ̀nyí. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú P-selectin tó jáde ti padà wọlé.

Ohun àrà kan wà níbẹ̀. Ní 1998, àwọn tó ń bá McEver ṣiṣẹ́ rí i pé nígbà tí P-selectin bá kó jọ sínú kòtò clathrin, kí kòtò náà tó pa dé, ó ń di sẹ́ẹ̀lì funfun mú dáadáa ju ìgbà tó wà káàkiri lọ. Kòtò tó máa gbé e kúrò lójú náà ló kọ́kọ́ ń fún un lágbára. Mo ti ka ìwádìí yìí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ìgbà tí kì í mú kí wọ́n dákẹ́ ronú.

Lẹ́yìn tó bá wọlé, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àwọn kan á lọ sí láísósóòmù, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ ohun tó ti lò sí wẹ́wẹ́. Àwọn yòókù á gba ẹ̀yìn padà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sí àpò tuntun, wọ́n á sì tún wọ àpò Weibel-Palade mìíràn, láti dúró de àṣẹ míì. Nítorí náà, P-selectin tó ń ṣiṣẹ́ nínú kíráísìsì oṣù yìí lè jẹ́ èyí tó ti jáde rí.

Ẹ lè wá bi mí pé bó bá jẹ́ wákàtí kan péré ni P-selectin ń lò lóde, kí ló dé tí ìrora ọmọ yín fi ń gba ọjọ́ 4 tàbí 5? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àṣẹ kì í dáwọ́ dúró: ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á fara gbọgbẹ́, sẹ́ẹ̀lì pupa míì á bẹ́, híìmù á tún jáde. Ìdí kejì ni pé P-selectin kọ́ ni alẹ̀mọ́ kan ṣoṣo, àwọn yòókù kì í sì í rìn bíi tirẹ̀. E-selectin, àbúrò rẹ̀, kò sí nínú àpò kankan. Sẹ́ẹ̀lì iṣan gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é láti inú apilẹ̀ àbùdá, kó tó gbé e sójú. Ìyẹn ń gba wákàtí 4 sí 6 kó tó dé góńgó, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ kan bá ti ń pé. VCAM-1, alẹ̀mọ́ mìíràn lójú iṣan, náà gbọ́dọ̀ di ṣíṣe, òun a sì máa pẹ́ lójú jù ú lọ. Bí P-selectin bá ṣe ń wọlé, àwọn wọ̀nyí ń jáde. Iṣẹ́ tí ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń fi wákàtí rìn ló ń gbà á ṣe lọ.

Mac-1 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ara ẹbí ńlá kan tí à ń pè ní integrin. Irú 24 ló wà lára ènìyàn. Àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ jù láti fi wọ́n hàn wá, Richard Hynes tí wọ́n bí ní Nairobi, Erkki Ruoslahti ọmọ Finland, àti Timothy Springer, gba ẹ̀bùn Lasker, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ ìṣègùn, fún un ní 2022. Integrin náà ń wọlé, ó ń jáde. Mark Bretscher ní Cambridge fi hàn ní 1989 pé sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn máa ń gbé irú integrin kan mì, á tún dá a padà sójú, kò sì pẹ́ tó fi dábàá pé iwájú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń lọ ló ń dá a padà sí. Àwọn purotéènì kékeré tí wọ́n ń pè ní Rab ló ń darí ọ̀nà: Rab4 fún ọ̀nà àbùjá, Rab11 fún ọ̀nà tó jìn. Òmíràn, SNX17, ń yọ integrin kúrò lọ́nà láísósóòmù kí wọ́n má baà fọ́ ọ. Bí ojú ọgbẹ́ bá ń jinná lẹ́sẹ̀ ọmọ yín, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ ń lo ètò yìí ni.

Mo mú èyí wọ̀ ọ́ nítorí ìyá mìíràn lè máa rò ó pé, ẹ kúkú bá wa pa gbogbo alẹ̀mọ́ wọ̀nyí rẹ́. Àwọn ọmọ kan wà láyé tí wọn kò bí Mac-1 àtàwọn ìyekan rẹ̀ mọ́. Ìwọ́ wọn máa ń pẹ́ kó tó já, ó lè ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ọgbẹ́ wọn kì í ní ọyún, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì funfun kò lè di iṣan mú kó tó jáde lọ síbi tí kòkòrò wà. Àkóràn ló ń bá wọn fínra láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, bí wọn kò bá sì rí ìtọ́jú tó lágbára, ikú ló sábà ń já sí. Ara ọmọ yín nílò ohun tó ń lẹ̀ yìí. Kí ó má máa jáde láìnídìí ni à ń wá.

Mo fi sẹ́ẹ̀lì pupa sí ìkẹyìn nítorí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó kò ní àpò kankan nínú, kò lè gbé nǹkan jáde, kò sì lè fà á wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì kéré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ láti mùdùnmúdùn, ó ní purotéènì alẹ̀mọ́ lára, integrin kan tó ń jẹ́ α4β1, tó ń di VCAM-1 mú. Inú mùdùnmúdùn ló wúlò fún un. Kó tó di àgbà nínú ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kúrò. Báwo? Á fa awọ tí α4β1 wà lára rẹ̀ wọlé, á dì í sínú àwọn àpò wẹ́wẹ́ inú àpò ńlá kan, àpò ńlá náà á sì ṣí síta, á da àwọn wẹ́wẹ́ náà sínú ẹ̀jẹ̀. Rose Johnstone ní Montreal wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí irú èyí, ní 1983, nínú sẹ́ẹ̀lì pupa àgùntàn tó kéré. Purotéènì mìíràn tó ń gba irin wọlé ló ń tọ̀ lẹ́yìn nígbà náà. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún àwọn àpò wẹ́wẹ́ náà lórúkọ: exosome. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìdọ̀tí tí sẹ́ẹ̀lì ń dà nù lásán.

Nínú ara ọmọ yín, sẹ́ẹ̀lì pupa ń kú kíákíá, mùdùnmúdùn sì ń kánjú láti fi òmíràn rọ́pò. Bí ó ṣe ń kánjú, ó ń tú àwọn tí kò tíì bọ́ α4β1 tán jáde. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ló ń lẹ̀ mọ́ VCAM-1 lójú iṣan. Bí ẹ bá wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí ìlà kan tí wọ́n kọ "retics" sí. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ni wọ́n ń kà. Lára àgbàlagbà tó ní ìlera, wọn kì í sábà ju nǹkan bí 2 lọ nínú 100 sẹ́ẹ̀lì pupa. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ó sábà máa ń pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ó wá kan oògùn. Oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí tó lè ní kí P-selectin jókòó sínú àpò rẹ̀ kò sí. Èyí tó wà ń dúró dè é níta. Crizanlizumab ni, àǹtíbọ́dì tó ń bo orí P-selectin kí ó má lè di nǹkan mú, inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 4. Nínú ìwádìí tí Kenneth Ataga ṣíwájú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, àwọn tó gba ìwọ̀n tó ga ní kíráísìsì 1.63 lọ́dún, àwọn tí kò gba oògùn gidi ní 2.98. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019 fún àwọn tó ti pé ọdún 16 sókè. Ìwádìí tó tóbi tó tẹ̀ lé e kò rí ìyàtọ̀ láàárín oògùn náà àti èyí tí kì í ṣe oògùn, Yúróòpù sì fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 2023. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ti gbé ìrètí lé e. Èrò tèmi ni pé P-selectin jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá dí i mọ́lẹ̀ ṣì ku E-selectin, VCAM-1 àti α4β1.

Rivipansel, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lórí E-selectin, ni wọ́n fún àwọn aláìsàn nígbà tí kíráísìsì ti bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí náà kùnà ní 2019. Nígbà tí wọ́n tún èsì rẹ̀ yẹ̀ wò, ó jọ pé ó ran àwọn tó tètè gbà á lọ́wọ́, láàárín nǹkan bí wákàtí 26 sí ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a mọ̀ nípa wákàtí E-selectin mu.

Fún ọmọ ọdún 9, hydroxyurea ni mo fẹ́ kí ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ọmọ kò bá tíì máa lò ó. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fáwọn òbí ni pé ó ń mú hìmóglóbìn F, ti ọmọ jòjòló, pọ̀ sí i. Òótọ́ ni. Ó tún ń ṣe ohun tó kan ìbéèrè yín gan-an: ó ń dín α4β1 tó wà lára àwọn ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kù, ó sì ń dín iye sẹ́ẹ̀lì funfun kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni lílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń lọ sílẹ̀, nígbà tí hìmóglóbìn F ṣì ń gun òkè bọ̀.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ara ọmọ ìbáà le koko. Ó lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó bá a rìn fò yín ru, kí ẹ sì máa wo ìlà "retics" yẹn nígbàkigbà tí èsì bá dé. Bí ibà bá mú un, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án.